Ẹni Tí Ó Yára àti Ẹni Tí Ó Lọ́ra

Ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi lọ́kàn láti ìgbà díẹ̀ wá, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e ka iwájú yín nínú ìwé ìròhìn wa yìí, kí a lè jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbà tí ohun titun tí ó dára bá dé, tí àwọn tí ó ní agbára sì ti bọ́ sínú rẹ̀, kí ni gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tí kò ì tí ì lè dé ibẹ̀? Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ti ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbà tí àwọn kan ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá?

Ohun tí ó mú ìbéèrè yìí wá kì í ṣe ohun ńlá. Ní ìjọ wa ní Abúlé Ẹ̀gbá, àwa ìgbìmọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan pé láti ìgbà náà lọ, orí WhatsApp ni a ó máa fi gbogbo ìkéde ìjọ ránṣẹ́ sí. Èmi gan-an ni mo dá àbá náà. Mo ní ó yá, kò ná wa ní owó ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ re ibi àgbà ń rè, a sì fi ọjọ́ àti wákàtí ìsìnkú rẹ̀ ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti pinnu. Ìyá àgbà kan, opó, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ olóògbé náà, tí àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó lórí àga kan náà fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e ni ó bi mí léèrè pé, "Kátíkíìsì, ọjọ́ wo ni ẹ ó sin ọ̀rẹ́ mi?"

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì kékeré ni Màmá ń lò. Ó ń pè, a sì ń pè é; àtẹ̀jíṣẹ́ tí bánkì ń fi ránṣẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n WhatsApp kò lè wọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ fún mi. Lẹ́hìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nípa ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń dì mú lójoojúmọ́ yìí, mo sì rí i pé ohun tí a ṣe ní kékeré nínú ìjọ kan ni ayé ń gbèrò láti ṣe ní ńlá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí a ti gbà dé ibi tí a wà. Ní ọdún 1886 ni okùn tẹligíráàmù tí a tẹ́ sí abẹ́ òkun so ìlú Èkó pọ̀ mọ́ London, tí ó fi jẹ́ pé ìròhìn tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé kíákíá. Tẹlifóònù onókùn tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ilé àwọn aláṣẹ àti ti àwọn oníṣòwò ńlá ni ó ń wọ̀. A dá ilé-iṣẹ́ NITEL sílẹ̀ ní ọdún 1985. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún ogún fi ń parí, ojú ọ̀nà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun a wọ ọkọ̀, a sì lọ tò sí ìlà.

Ẹ̀rọ alágbèéká ni ó yí èyí padà, ìran ìran ni ó sì ń wá. Ìran kìíní, tí ohùn nìkan ń gbà kọjá, bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1979. Níhìn-ín, ọwọ́ àwọn ọlọ́lá díẹ̀ nìkan ni ó tẹ̀ ẹ́. Ìran kejì, tí à ń pè ní 2G, ni ó sọ ohùn di iye nọ́ńbà kí ó tó fi í ránṣẹ́, tí ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ kún un. Ó lè dùn mọ́ yín láti mọ̀ pé àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú ayé, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, ìkíni Kérésìmesì ni. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, àjọ NCC, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀ràn ìbánisọ̀rọ̀, ṣe gbàǹjo ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún ìran kejì yìí, ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì lọ ní mílíọ̀nù 285 owó dọ́là Amẹ́ríkà. Kí ọdún náà tó parí, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Síìmù kan gba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún náírà, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ nǹkan bí náírà 50, bí olúwa rẹ̀ tilẹ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré nínú rẹ̀. Ní ọdún 2003 ni Globacom wọlé, tí ó ń ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù sì ní láti tẹ̀lé e. Díẹ̀díẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà, mẹkáníìkì ní Agége, àti ìyá tí ń ta ẹ̀fọ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá fi di ẹni tí ó ní fóònù tirẹ̀.

Ní ọdún 2007, ìwé àṣẹ ìran kẹta, 3G, jáde ní mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan, íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú àpò ènìyàn. Ìran kẹrin, 4G, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá láti ọdún 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni gbàǹjo ìran karùn-ún, 5G, wáyé. MTN àti Mafab ni ó gbà á, ní iye tí ó ju mílíọ̀nù 273 dọ́là lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. MTN bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 2022, Airtel sì tẹ̀lé e ní ọdún 2023. Ẹ wo bí ó ti yára tó: láàárín ọdún mọ́kànlélógún péré, a ti kọjá láti ìran kejì dé ìran karùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí a bí ní ọdún gbàǹjo àkọ́kọ́ kò tí ì kúrò ní ọ̀dọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní ìran? Kì í ṣe ẹ̀rọ kan, àdéhùn ni. Fóònù àti òpó gíga tí a ń rí láàárín àwọn ilé wa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ìgbì tí ojú kò rí. Ìgbì náà kò sì ní ìtumọ̀ kankan, àfi bí àwọn méjèèjì bá ti fi ohùn ṣọ̀kan tẹ́lẹ̀ lórí ohun tí yóò túmọ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìlù dùndún ti jẹ́ ariwo lásán létí ẹni tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn amòye láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ń jókòó ti àdéhùn yìí. Àjọ ITU, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1865 nítorí tẹligíráàmù, ni ó ń ṣe ètò ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún gbogbo ayé. Àjọ 3GPP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, sì ni ó ń kọ ìlànà náà lẹ́sẹẹsẹ. Nípa àdéhùn yìí ni fóònù tí a rà ní Ìkẹjà fi lè sọ̀rọ̀ ní Kùtọnù, ní Lomé àti ní London. Ohun ìyanu ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀ àti lórí owó lè gbà fún ara wọn lórí èyí.

Ohun kan sì wà nínú àdéhùn náà tí ó wọ̀ mí lọ́kàn. Bí fóònù ìran karùn-ún bá dé ibi tí òpó tirẹ̀ kò sí, kì í dákẹ́. A rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ sí ìran kẹrin, bí ó bá sì di dandan, a sọ̀kalẹ̀ dé ìran kejì, kí olúwa rẹ̀ ṣáà lè sọ̀rọ̀. Alágbára lè sọ̀kalẹ̀ tọ aláìlágbára wá. Ṣùgbọ́n aláìlágbára kò lè gòkè: fóònù onítọ́ọ̀ṣì Màmá kò lè gbọ́ èdè ìran karùn-ún láéláé, bí ó ti wù kí ó gbìyànjú tó. Nítorí náà, ọwọ́ alágbára nìkan ni ìrẹ̀lẹ̀ wà. Bí òun bá kọ̀ láti sọ̀kalẹ̀, kò sí ohun tí èkejì lè fi ara rẹ̀ ṣe. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn àárín ọlọ́rọ̀ àti tálákà rí, àti ti ọ̀mọ̀wé àti aláìmọ̀wé, àti ti ọ̀dọ́ àti arúgbó. Ohun tí Pọ́ọ̀lù mímọ́ kọ́ àwọn ará Róòmù nípa gbèsè tí alágbára jẹ aláìlera kò kọjá èyí.

Nísinsìn yìí, ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, a ti ń ti ilẹ̀kùn àtijọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ AT&T pa ìran kejì tirẹ̀ bí ọdún 2017 ti ń wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé, ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ fi ohùn ṣọ̀kan ní ọdún 2021 pé ìran kejì àti ìran kẹta yóò kásẹ̀ nílẹ̀, ó pẹ́ tán, ní ọdún 2033. Vodafone àti EE sì ti pa ìran kẹta tiwọn ní ọdún 2024. Ní ọdún 2023, ITU ti fi ìpìlẹ̀ ìran kẹfà lélẹ̀, a sì ń retí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2030. Níhìn-ín, ìran kejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Nínú ìṣirò àjọ NCC ní ọdún 2025, àwọn tí ó wà lórí ìran karùn-ún kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àwọn tí ó wà lórí ìran kejì ju ọgbọ̀n lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún lè ṣẹlẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ó yẹ kí a ṣe òdodo sí àwọn tí ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà, nítorí wọn kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n ní ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò pọ̀, àti pé ibi tí ìran kejì ń gbà, ìran titun lè gba ibẹ̀ kí ó sì gbé ẹrù tí ó ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Wọ́n ní ẹ̀rọ àtijọ́ ń jẹ iná àti epo dísù láìyẹ, àti pé kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí kò lágbára mọ́, olè lè ṣí i. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Àgbẹ̀ tí ó ní ilẹ̀ kékeré kò jẹ̀bi bí ó bá fẹ́ gbin ohun tí yóò so púpọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tí ohun titun fi ń pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tálákà. Ìgbì tí a ń lò fún ìran karùn-ún ní ilẹ̀ wa, tí ó wà ní nǹkan bí 3,500 megahertz, kì í lọ jìnnà bí ìgbì 900 megahertz tí ìran kejì ń lò. Ògiri a sì tètè dá a dúró. Nítorí náà òpó rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn, owó ńlá sì ni èyí ń gbà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti san ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù dọ́là níbi gbàǹjo yóò kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí owó rẹ̀ yóò ti tètè padà. Kì í ṣe ìkà ni, ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò ní ojú tí yóò fi rí opó. Àwa tí a ní ojú ni ó yẹ kí a rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá ohun titun jà. Àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti ojú wa. Ní ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà gba gbogbo ayé kan, àwọn kan tan ìròhìn kálẹ̀ pé ìran karùn-ún ni ó fa àrùn náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dáná sun òpó. Ní ilẹ̀ wa, a gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù pàápàá. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó tí ì máa ta ìran karùn-ún fún ará ìlú ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọdún méjì lẹ́hìn tí àrùn dé ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀rù ohun tí kò yé e, tí ó sì sọ ìbẹ̀rù rẹ̀ di ìwàásù, ti jẹ́rìí èké. Àṣìṣe méjì ni ó wà lójú ọ̀nà yìí: ẹni tí ó kọ̀ láti lọ, àti ẹni tí ó lọ láìbojú wẹ̀hìn. Èyí èkejì ni ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a pe ara wa ní ọ̀làjú.

Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, orí kẹtàlélọ́gbọ̀n, a kà nípa ìgbà tí Jákọ́bù àti Ísọ̀ pàdé. Ísọ̀ ní irínwó ọkùnrin lẹ́hìn, ó sì fẹ́ kí wọ́n jọ máa lọ kíákíá. Jákọ́bù bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa lọ níwájú, nítorí àwọn ọmọ òun kéré, ẹran òun sì ní ọmọ lẹ́hìn. Bí a bá fi ipá dà wọ́n ní ọjọ́ kan péré, gbogbo agbo ni yóò kú. Òun yóò máa bọ̀ ní pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ti lè rìn. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tí ń ka èyí yóò rán mi létí pé ẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ Jákọ́bù náà, àti pé Súkótù ni ó yà sí ní ìgbẹ̀hìn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òfin tí ó tẹnu rẹ̀ jáde dúró: ẹni tí ń da agbo kò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ìrìn, bí kò ṣe ẹsẹ̀ èyí tí ó kéré jù.

Láti inú èyí, mo rí ohun mẹ́ta tí ó tọ́ kí a dì mú. Èkíní, a kò gbọdọ̀ ti ọ̀nà àtijọ́ títí ọ̀nà titun yóò fi dé ọwọ́ aláìlera ní tòótọ́. Kò tó kí a yà á sínú àwòrán ilẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé àdúgbò kan, bí fóònù tí ó lè gbà á bá ju agbára ará àdúgbò náà lọ. Èkejì, ẹni tí yóò jèrè títì ọ̀nà náà ni ó yẹ kí ó ran aláìní lọ́wọ́ láti rékọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ fún ire gbogbo ìlú, ó yẹ kí ó kọ́ ilé fún un ná. Ẹ̀kẹta, ohun tí ó jẹ mọ́ ìyè, ikú, owó oúnjẹ àti ìdàpọ̀ àwọn ènìyàn mímọ́, a kò gbọdọ̀ fi sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Àwa ará Abúlé Ẹ̀gbá ní àpẹẹrẹ èyí níwájú ilé wa. Ní ọdún 2017 ni a ṣí afárá tí ó gba orí ìkóríta wa kọjá, lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ tí ń sáré ń gba orí rẹ̀ lọ, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n afárá náà kò pa ọ̀nà ìsàlẹ̀ run. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, obìnrin tí ó ru ẹrù, àti ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣì ń gba abẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tí ó kọ́ ọ bá ti sọ pé kí gbogbo ènìyàn máa gba òkè, tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ sì jókòó sílé, ta ni ìbá pe é ní ìlọsíwájú?

Ọ̀lẹ kì í ṣe àìlera, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí pẹ̀lú. Ẹni tí ó lè kọ́ ohun titun tí ó sì kọ̀ nítorí ìgbéraga kò ní ẹ̀tọ́ láti dá àwọn yòókù dúró. Màmá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ́ òun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí ìwé kékeré orí fóònù ńlá mọ́, owó dátà sì ń wọ́n ọn. Nígbà tí mo lọ sí ilé rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́, kò bínú. Ọ̀rọ̀ kan ni ó sọ: "Kátíkíìsì, ẹ̀yin ni ẹ gbà pé gbogbo wa ti gbọ́." Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wa kì í ṣe pé a lo ohun titun. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé láti ọjọ́ tí ó ti tẹ àwa lọ́wọ́ ni a ti ka àwọn tí kò tẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹni tí kò sí.

A ti tún un ṣe. WhatsApp wà síbẹ̀, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n a ń ka ìkéde nínú ìsìn gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó lẹ́nu ọ̀nà, a sì kọ orúkọ gbogbo àgbàlagbà tí fóònù wọn kò gbà á. Nígbà tí a kà wọ́n, wọ́n jẹ́ mẹ́tàlélógún, iye tí kò sí ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ tí ó lè rò pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀ tí yóò pè tàbí tí yóò lọ rí. Mo bẹ àwọn olùkọ́ àti àwọn olórí ìjọ tí ń ka ìwé yìí pé kí wọ́n ka àwọn tiwọn pẹ̀lú. Bí ọjọ́ bá sì dé tí a óò máa jíròrò ní ilẹ̀ wa lórí pípa ìran kejì, kí wọ́n má ṣe dákẹ́, nítorí àwọn tí ọ̀ràn náà kàn jù kò ní sí nínú ìpàdé náà.

Lẹ́hìn ọjọ́ díẹ̀, mo mú Màmá lọ sí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra, ó sì ń dúró mí èémí. Mo rìn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rìn, a sì dé ibẹ̀. Ǹjẹ́ kí Olúwa tí kì í fi àgùntàn kan sílẹ̀ kọ́ àwa náà ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀.